Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ́ńjìnnì Àrọ́pò Gbé Ọkọ̀ Ogun Jámánì Àtijọ́ Padà Sójú Òfurufú

Ẹni tó bá gbọ́ pé Messerschmitt 109, ọkọ̀ òfurufú tí àwọn ará Jámánì fi ja Ogun Àgbáyé Kejì, ń fò lónìí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce, lè kọ́kọ́ rò pé pánda ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ gbéra ní 1935, Rolls-Royce Kestrel ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nímú rẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń ṣe fún un ní Jámánì kò tíì ṣetán. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì sì ń ṣe èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìran rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, Rolls-Royce Merlin ni wọ́n gbé sí i. Àárín ìgbà méjèèjì yìí ni ẹ́ńjìnnì Daimler-Benz ti Jámánì fi jọba. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ojúlówó dẹ́rù bà yín. Ohun tó ṣòro nínú iṣẹ́ yìí kọ́ ni pé ká rí ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ohun tó ṣòro ni ká mọ gbogbo nǹkan tí ẹ́ńjìnnì náà máa dà rú nínú ọkọ̀ tí wọn kò ṣe fún un, ká sì tún wọn tò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ara ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó wá ẹ́ńjìnnì

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ dáwọ́ lé e. Èkíní ni àwókù, ìyẹn ọkọ̀ tó já lójú ogun tí wọ́n wá fà yọ nínú adágún tàbí nínú igbó. Èkejì ni ọkọ̀ tí orílẹ̀-èdè mìíràn fi àwòrán iṣẹ́ Jámánì ṣe, bíi HA-1112 ti Sípéènì tí wọ́n ń pè ní Buchón. Àwọn ọmọ ogun òfurufú Sípéènì lò ó títí di 1965. Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù Battle of Britain ní 1968, òun ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ Jámánì nínú eré náà, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń fò ó kiri pápá àfihàn di òní. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ tuntun pátápátá tí wọ́n wo ti àtijọ́ ṣe, bíi Fw 190 tí ilé iṣẹ́ Flug Werk ṣe ní Bavaria, tàbí Me 262 oníjẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe ní Everett, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà.

Bó bá jẹ́ àwókù ni, ẹ má jẹ́ kí ojú rẹ̀ tàn yín. Alùmíníọ̀mù tó ti wà lábẹ́ omi láti ìgbà ogun lè máa dán lóde, kí inú rẹ̀ sì ti di ẹ̀tù níbi tí páànù méjì ti lẹ̀ mọ́ra lábẹ́ rífẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ń sá sí. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ẹ so nọ́ńbà mọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kó tó kúrò ní àyè rẹ̀. Èyí tó bàjẹ́ pàápàá, ẹ má jù ú nù, òun lẹ máa wò ṣe tuntun. Tó bá jẹ́ 109 ni, apá méjì tó na jáde láti di ẹ́ńjìnnì mú ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Irin magnesium ni wọ́n fi rọ ọ́, magnesium kì í sì í pẹ́ nínú omi iyọ̀. Mo ti rí fọ́tò àwókù tí wọ́n fà jáde lókun, tí ìrù, apá àti àga awakọ̀ rẹ̀ ṣì ṣe é dá mọ̀, àmọ́ tí ibi tó yẹ kí apá méjèèjì yìí wà ṣófo. Ẹni tó bá ń gba ẹ́ńjìnnì àrọ́pò kò ní fi èyí ṣe ẹkún ṣá, torí férémù ìdìmú tuntun ló máa rọ lọ́nàkọnà.

Yíyan ẹ́ńjìnnì

Ìbéèrè tí mo máa ń fẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: ta ló máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́wàá sí i? Agbára wá lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú 109. Ẹ́ńjìnnì tó ni í ni DB 605 ti Daimler-Benz: sílíńdà 12, lítà 35.7, agbára ẹṣin bíi 1,475, tó sì dojú bolẹ̀, tí orí sílíńdà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tí ọ̀pá ìyí rẹ̀ sì wà lókè. Kò ní kabúrétọ̀. Ńṣe ló ń fún epo tààrà sínú sílíńdà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wuni ni, àmọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀ láyé mọ́, ohun tó bá sì bàjẹ́ lára rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n á fi rọ òmíràn. Merlin ní tirẹ̀ jẹ́ lítà 27 péré, ṣùgbọ́n irú èyí tó wà nínú Buchón ń mú nǹkan bí agbára ẹṣin 1,600 jáde, ìwọ̀n òun àti DB 605 kò sì jìnnà síra. Ó lé ní 140,000 Merlin tí wọ́n ṣe. Àwọn ọkọ̀ Spitfire ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń fi í fò kiri, torí náà ṣọ́ọ̀bù tó ń tú u tó sì ń tò ó wà, sípíà pààtì rẹ̀ náà sì wà.

Fw 190 rọrùn díẹ̀. BMW 801 tirẹ̀ jẹ́ sílíńdà 14 tó yí ara wọn ká ní ìlà méjì, tí afẹ́fẹ́ ń tù, lítà 41.8. ASh-82 ti àwọn ará Rọ́ṣíà náà jẹ́ sílíńdà 14 ní ìlà méjì, lítà 41.2. Bàálù akérò Il-14 lo irú rẹ̀ káàkiri, torí náà ó rọrùn láti rí. Òun ni Flug Werk gbé sínú Fw 190 wọn. Ẹnì kan lè sọ pé ojúlówó BMW 801 ṣì lè fò, òótọ́ sì ni: Fw 190 kan tó já ní ẹ̀bá Leningrad ní 1943, tí wọ́n rí nínú igbó ní 1989, tún fò ní December 2010 pẹ̀lú BMW 801. Ṣùgbọ́n olówó gidi ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ kò bá ní irú rẹ̀ lẹ́yìn, ẹ má fi í ṣe àwòkọ́ṣe.

Ní ti Me 262, kò tiẹ̀ sí ìjiyàn. Wákàtí 10 sí 25 ni wọ́n ń fojú sọ́nà fún Jumo 004, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, pé yóò lò kí wọ́n tó tú u, torí irin tó ń fara da ooru ti wọ́n Jámánì lójú nígbà ogun, irin lásán tí wọ́n fi alùmíníọ̀mù bò ni wọ́n ń fi dí i. Bí awakọ̀ bá sì ti epo sí i lójijì, ó lè kú lójú òfurufú. CJ610 ti General Electric, tó gbé àwọn bàálù Learjet àkọ́kọ́ rìn, ni wọ́n lò ní Everett. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ fò ní December 20, 2002.

Àpẹẹrẹ búburú náà wà o. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará Czechoslovakia ń to 109 ní tiwọn, iná wá jó ilé ìkẹ́rù tí DB 605 wọn wà. Wọ́n wá gbé Jumo 211 sí i, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ajubọ́ǹbù Heinkel 111, pẹ̀lú pùròpélà olójú gbòòrò tó wúwo. Ó wọlé lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ náà di oníwà líle: bí ó bá ń sáré lórí ilẹ̀, ó fẹ́ máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáá. S-199 ni orúkọ rẹ̀, ìbaaka ni àwọn awakọ̀ wọn ń pè é. Ísírẹ́lì ra 25 nínú rẹ̀ ní 1948, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, òun ni wọ́n rí rà. Ẹ́ńjìnnì tó wọlé sínú ọkọ̀ kọ́ ni ẹ́ńjìnnì tó yẹ ọkọ̀.

Ìwúwo àti ibi tó jókòó sí

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Ẹni tó bá ti di àpò gbágùúdá gogoro sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rí mọ bí táyà iwájú ṣe máa ń fẹ́ gbé nílẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú náà ní ojú ibi tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ dọ́gba, àyè tí wọ́n sì fún ojú yìí láti sún síwájú tàbí sẹ́yìn kò tó nǹkan. Bí ìwúwo bá sún sẹ́yìn jù, ọkọ̀ náà lè gbé imú sókè kó má gbọ́ràn mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Wọ́n á mú ojú kan lára ọkọ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, wọ́n á fi ìwúwo ohun kọ̀ọ̀kan sọ ọ̀nà tó fi jìnnà sí ojú náà di púpọ̀. Ká fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ ṣe é: ẹ́ńjìnnì àtijọ́ wúwo tó kílò 750, àárín rẹ̀ wà ní mítà 1.5 síwájú, iye rẹ̀ jẹ́ 1,125. Tuntun jẹ́ kílò 600. Bí ẹ bá gbé e sí ojú kan náà, 900 lẹ ní. Ó ku 225. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ti ẹ́ńjìnnì síwájú di mítà 1.875, kí imú ọkọ̀ gùn sí i. Tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ sì de òjé kílò 100 mọ́ mítà 2.25, lẹ́bàá pùròpélà. Ti òjé kò gba làálàá, ṣùgbọ́n ẹrù tí kò ṣiṣẹ́ kankan lẹ máa máa gbé fò. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì parí, ẹ gbé táyà kọ̀ọ̀kan lé òṣùwọ̀n kí ẹ tún un wọ̀n. Ìṣirò orí ìwé kì í mọ iye ọ̀dà tí wọ́n fi kun ọkọ̀.

Me 262 fi bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe tó hàn dáadáa. Apá rẹ̀ tó sún sẹ́yìn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí eré ni, nígbà tí ẹ́ńjìnnì wúwo ju bí wọ́n ṣe retí lọ ni wọ́n sún un láti fi mú ìwúwo ọkọ̀ náà dọ́gba. Jumo 004 kan tó nǹkan bíi kílò 720. CJ610 kò ju nǹkan bíi 180 lọ. Nítorí náà, àwọn ará Everett kò kàn gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kọ́ sínú ihò ńlá. Wọ́n rọ èèpo irin tó rí bíi Jumo gan-an, wọ́n fi CJ610 pamọ́ sínú rẹ̀, ìwúwo padà síbi tó yẹ, ojú ọkọ̀ sì rí bó ṣe rí nígbà ogun. Agbára ni wọ́n tún ní láti ṣọ́: Jumo ń ti ọkọ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi kílò 900, CJ610 ń tì í ju 1,250 lọ. Ẹni tó bá ní irú èyí, kó fi ààlà sí ibi tí ọwọ́ awakọ̀ lè ti epo dé, torí agbára lè pọ̀ sí i, ara ọkọ̀ kò le sí i.

Férémù, páìpù àti pùròpélà

Férémù ìdìmú tuntun kì í ṣe iṣẹ́ wẹ́dà nìkan. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọ ìṣirò agbára ló gbọ́dọ̀ yà á, nítorí nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́rí, ẹ́ńjìnnì yóò wúwo lórí férémù náà ní ìlọ́po. Wẹ́dà á ṣe tirẹ̀ tán, wọ́n á ya X-ray gbogbo ojú ibi tó jó pọ̀. Ẹ ṣọ́ ojú ibi tí ọ̀pá pùròpélà ti ń jáde, torí ti ẹ́ńjìnnì tó dojú bolẹ̀ àti ti èyí tó nàró kò wà ní gíga kan náà. Ìdí nìyẹn tí imú Buchón fi wú, tí ihò èéfín rẹ̀ sì wà lókè, nígbà tí ti 109 wà nísàlẹ̀.

Pùròpélà gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì mu, kó má sì gbá ilẹ̀ nígbà tí ìrù ọkọ̀ bá gbé. Rọ́bà epo àti ti omi, ẹ má lo àtijọ́ kankan, bó ti wù kó rọ̀ tó lọ́wọ́. Wáyà náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ bá ìjọba kẹ́ ẹ tó gé irin àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ CAA ló ń fún irú ọkọ̀ báyìí ní Permit to Fly. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FAA ló ń kọ ọ́ sábẹ́ ọkọ̀ ìdánwò fún àfihàn. Wọ́n á fẹ́ rí ìṣirò férémù àti ti ìwúwo, wọ́n á sì fẹ́ kí ẹnì kan tó ní ìwé àṣẹ fọwọ́ sí i.

Ìtanná àkọ́kọ́

Ẹ so ìrù ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi òkúta dí táyà, kí ẹni tó di ohun ìpaná mú dúró síbi tí awakọ̀ ti lè rí i. Bó bá jẹ́ ASh-82, ẹ fi ọwọ́ yí pùròpélà kẹ́ ẹ tó tan án, torí òróró máa ń ṣàn lọ sínú àwọn sílíńdà ìsàlẹ̀ bí ó bá ti dúró pẹ́. Bí pùròpélà bá dúró gbagidi lọ́wọ́, ẹ má fi agbára tì í, ẹ má sì fi sítátà yí i. Ẹ tú pílọ́ọ̀gù ìsàlẹ̀ kí òróró ṣàn dà. Ẹni tó bá fi agbára tì í yóò tẹ ọ̀pá písítìn, ẹ́ńjìnnì á sì lè ṣiṣẹ́ wákàtí díẹ̀ kí ọ̀pá náà tó já, nígbà tí ọkọ̀ ti wà lókè.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ojú kan ṣoṣo ni kí awakọ̀ kọ́kọ́ máa wò: òṣùwọ̀n agbára òróró. Bí kò bá gòkè láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, kó pa á. Lórí 109 àti Buchón, ẹ má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí ilẹ̀. Rédíétọ̀ abẹ́ apá rẹ̀ kéré, afẹ́fẹ́ tó ń tù ú kò sì tó títí ó fi fò, torí náà omi rẹ̀ máa ń gbóná kíákíá. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ọ̀kan nínú mágínẹ́ẹ̀tò tó ń fún pílọ́ọ̀gù ní iná kẹ́ ẹ wo bí ìyípo ṣe máa já, ẹ tún ṣe ìkejì. Bó bá já ju iye tí ìwé ẹ́ńjìnnì sọ lọ, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn parí.

Ẹ fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ sáré lórí ilẹ̀ lásán kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹsẹ̀ 109 sún mọ́ ara wọn, ara ọkọ̀ ni wọ́n so wọ́n mọ́ dípò apá, torí náà ó rọrùn fún un láti yà kó sì ṣubú. Pápá koríko sàn fún un ju pápá ọlọ́dà lọ. Me 262 àkọ́kọ́ ti Everett, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ká nígbà tó ń balẹ̀ ní January 2003, oṣù kan lẹ́yìn tó kọ́kọ́ fò. 109 kan wà tí àwọn ará Ọsirélíà gbà lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ní Líbíà ní 1942, tí wọ́n fi nǹkan bí ogún ọdún tún ṣe, tó sì fò ní 1991. Ní October 1997, ó balẹ̀ ní Duxford ó sì dojú dé. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló wà báyìí, kò fò mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi 109 fò, kó jẹ́ ẹni tó ti gun ọkọ̀ onírù-ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kó má sì fi àyíká pápá sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ náà.

Bó bá ti balẹ̀ tán, kí ọwọ́ tó dá, ẹ tú fílítà òróró jáde, ẹ gé e lójú aṣọ funfun kẹ́ ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun dídán díẹ̀ kò burú fún ẹ́ńjìnnì tuntun tó ń yọ́ ara. Bí ẹ bá rí ègé irin tí èékánná lè gbá mú, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ fò mọ́ títí ẹ ó fi mọ ibi tó ti já wá.