Kí gan-an ni àgbẹ̀ kọ̀?

Ẹ jẹ́ ká tú orúkọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ọdún 1968 palẹ̀: àgbẹ̀ + kọ̀ + ìyà. Ìpajẹ fáwẹ̀lì ló sọ ọ́ di Àgbẹ̀kọ̀yà. Ìyà ni àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn o, kì í ṣe bọ́ọ̀dù kòkó.

Láti 1947 ni bọ́ọ̀dù ti ń ra kòkó ní iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé, pé àwọn ń tọ́jú ìyókù de ọjọ́ tí ọjà bá wó. Ìjọba ná púpọ̀ nínú rẹ̀ sórí nǹkan mìíràn, ó tún ń gba owó orí. Àgbẹ̀ fárígá.

Ohun tó yẹ, lójú tèmi, ni kí àgbẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń dá iye lé kòkó. Ní 1986, ńṣe ni ìjọba pa bọ́ọ̀dù rẹ́. Láti ìgbà náà, bí owó kòkó bá já ní Lọ́ńdọ̀nù, orí àgbẹ̀ Oǹdó ló ń já lé.