Ìlú Lọ́kọ́ja àti Àwọn Ohun Àtijọ́ Inú Rẹ̀

Láàárín àwọn ọmọ Okun, láti Kàbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Mọ̀pà àti Ẹgbẹ́, ìlú kan wà tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn, síbẹ̀ tí kò sí ilé tí a kì í ti dárúkọ rẹ̀. Ìlú náà ni Lọ́kọ́ja. Ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti ń ra iyọ̀ tí ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó gbé wá. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣàkóso Ẹkùn Kàbà ní ayé ìjọba òyìnbó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Kàbà ni ẹkùn náà ń jẹ́. Ibẹ̀ náà ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí láti ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọjà Lọ́kọ́ja tí ó sì gbọ́ tí ẹnì kan kí ẹnì kejì pé "Òkun o" yóò mọ̀ pé ará ilé òun kò jìnnà, nítorí ìkíni yìí ni gbogbo ayé fi ń pe àwọn ènìyàn náà títí di òní.

Láti Kàbà dé Lọ́kọ́ja jẹ́ nǹkan bí 80 kìlómítà. Ọkọ̀ a gba Ọbàjànà kọjá, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí ó tóbi jùlọ ní Áfíríkà wà, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí a bá ti kúrò níbẹ̀, àwọn òkè a bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ojú ọ̀nà. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí wọ́n jẹ́ ìbátan àwọn Okun, ni wọ́n ń gbé orí àti ìdí àwọn òkè wọ̀nyí. Wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó kankan tó fi ojú kan Odò Ọya.

Òkè Patti ni ó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ gùn, kí oòrùn tó mú. Òkè náà dúró lẹ́yìn ìlú bí ẹ̀ṣọ́. Kò ga púpọ̀, nítorí ó lé ní 400 mítà díẹ̀ ni ju ojú òkun lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkè ni ó sì ga jù ú ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Inú èdè Nupé ni orúkọ rẹ̀ ti wá, níbi tí "pati" ti túmọ̀ sí òkè; nítorí náà ẹni tí ó bá ń wí pé Òkè Patti, "Òkè Òkè" ni ó ń wí. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì. Igi oṣè ńlá kan wà níbẹ̀, ilé kékeré kan tí a ń pè ní ilé ìsinmi Lugard náà wà níbẹ̀, àwọn òpó irin gíga tí a fi ń gbé ohùn káàkiri inú afẹ́fẹ́ sì wà láàárín wọn, tí wọn kò bá èkíní tàbí èkejì mu.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fa ènìyàn gun òkè náà wà ní ìsàlẹ̀. Odò Ọya ń bọ̀ láti àríwá. Orí òkè ilẹ̀ Gínì ni ó ti ṣẹ̀, ó sì ti gba ilẹ̀ Málì àti ilẹ̀ Níjẹ̀ kọjá kí ó tó wọ Nàìjíríà. Odò Bẹ́núè ń bọ̀ láti ìhà ìlà-oòrùn, láti orí àwọn òkè Àdámáwá ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Iwájú Lọ́kọ́ja ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Wọn kì í dàpọ̀ lẹ́sẹ̀kan náà. Àwọ̀ wọn yàtọ̀ sí ara wọn, wọn a sì máa ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí orogún méjì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú ilé kan, kí wọ́n tó wá di omi kan ṣoṣo tí ó dojú kọ ìhà gúúsù lọ sí òkun. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i dáadáa kò gbọdọ̀ lọ nígbà tí ọyẹ́ bá mú, nítorí ìkùukùu ọyẹ́ lè bo odò méjèèjì mọ́lẹ̀, tí ẹni tí ó gun òkè yóò fi làágùn lásán.

Orí òkè yìí ni àwọn tí ń mú àlejò yíká ti máa ń sọ ìtàn kan tí ó dùn létí. Wọn a ní Lugard àti ìyàwó rẹ̀, Flora Shaw, jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin náà wo odò tí ó lọ salalu, ó sì wí pé kí a máa pe ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1897 ni orúkọ náà jáde nínú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, nínú àpilẹ̀kọ tí Flora Shaw kọ. Nígbà náà kò tíì fẹ́ Lugard. Ọdún 1902 ni wọ́n tó gbéyàwó ní erékùṣù Madeira. Lugard pàápàá kò tíì di aláṣẹ ní Lọ́kọ́ja. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Nàìjíríà lónìí ni obìnrin náà ní lọ́kàn, bí kò ṣe ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ oníṣòwò tí a ń pè ní Royal Niger Company. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ọdún mẹ́ta péré, 1897, 1900 àti 1902, lè dúró lórí òkè náà kí ó sì dá afinimọ̀nà lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìtàn tòótọ́ tí ìsàlẹ̀ òkè náà ru kò sì kéré. Ní ọdún 1830 ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John wa ọkọ̀ kọjá níbẹ̀, tí wọ́n sì bá Odò Ọya dé òkun, tí àwọn òyìnbó fi mọ ibi tí odò náà ń wọ̀ sí. Ní ọdún 1841 ọkọ̀ mẹ́ta tí ń fi èéfín ṣiṣẹ́ gòkè wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bá Àtá Ìdá ṣe àdéhùn, wọ́n gba ilẹ̀ lẹ́bàá ibi tí odò méjèèjì ti pàdé, wọ́n sì fẹ́ dá oko ńlá kan níbẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè rí i pé èrè iṣẹ́ ilẹ̀ sàn ju èrè òwò ẹrú lọ. Ibà kò jẹ́ kí ó yọrí. Àwọn òyìnbó tí ó kú nínú ìrìn-àjò náà ju 40 lọ, a sì fi oko náà sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan wà nínú ọkọ̀ wọn, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí a ti kó lẹ́rú ní ọdún 1821. Nígbà tí oníṣègùn William Balfour Baikie kó ọkọ̀ mìíràn wá ní ọdún 1854, ó mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa lo kíníní lójoojúmọ́ kí ibà tó dé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kú. Àyípadà kékeré yìí ni ó ṣí ojú odò náà sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó, fún rere àti fún búburú.

Baikie yìí náà ni ó padà wá jókòó sí Lọ́kọ́ja ní nǹkan bí ọdún 1860. Ó kọ́ èdè Haúsá, ó dá ọjà sílẹ̀, ó sì ra ọ̀pọ̀ ẹrú padà sí òmìnira. Àwọn kan gbà pé láti inú orúkọ rẹ̀ ni àwọn Ìgbò ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe òyìnbó. Sàró ni ó kú sí ní ọdún 1864, nígbà tí ó ń padà lọ sílé. Ọdún náà gan-an ni a fi Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ń jẹ́ Holy Trinity wà ní Lọ́kọ́ja, tí a kà mọ́ iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọdún 1865 ni a ń pè ní ọdún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ni òpó irin méjì wà tí a rì mọ́lẹ̀, tí wọn kò ga, tí wọn kò sì lẹ́wà. Àlejò tí kò bá béèrè lè kọjá lára wọn láìwò wọ́n. Irin Òmìnira ni a ń pè wọ́n. Ohun tí àwọn ará ìlú sọ ni pé ẹrú tí ó bá ti gba àárín irin méjèèjì kọjá ti bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tún lè fà á padà.

Kò sí ibòmíràn ní Lọ́kọ́ja tí ó yẹ kí ọmọ Okun dúró pẹ́ sí bí ibẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupé láti Bídà ni wọ́n ń ya wọ ilẹ̀ Okun. Wọ́n ń kó ọmọ lóko, wọ́n ń kó ìyá ọmọ lọ́nà odò. Ìlú tí kò bá jà, ìṣákọ́lẹ̀ ni ó ń san, kì í sì í ṣe owó ẹyọ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ènìyàn ni wọ́n ń gbà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá gun orí òkè lọ tẹ̀dó. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, oṣù tí orúkọ Nàìjíríà jáde nínú ìwé ìròyìn, George Goldie, olórí Royal Niger Company, kó ọmọ-ogun jáde láti Lọ́kọ́ja wá sí Kàbà. Ogun Nupé tí ó wà ní ìhà Kàbà, tí Markun jẹ́ olórí rẹ̀, ti ká àgọ́ wọn kúrò kí wọ́n tó dé. Goldie kéde ní Kàbà pé àgbára Bídà ti kúrò lórí ilẹ̀ náà, lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí Bídà, tí ìbọn àti àgbá rẹ̀ sì ṣẹ́gun níbẹ̀ ní ìparí oṣù náà. Kì í ṣe àánú nìkan ni ó gbé e dìde. Bídà ń dí òwò ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì pẹ́ tí àwọn ènìyàn tí ó bọ́ lọ́wọ́ Bídà fi rí i pé ọ̀gá mìíràn ti dé. Síbẹ̀, ìyá tí a kò kó ọmọ rẹ̀ lọ mọ́ kò ní béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn Goldie.

Ìlú kan náà tún ni ìbojì àwọn ọba. Nígbà tí òyìnbó ń gba ilẹ̀ Haúsá àti ti Nupé, Lọ́kọ́ja ni wọ́n ń kó àwọn ọba tí wọ́n bá rọ̀ lóyè sí. Aliyu, Ẹ́míà Kánò, tí a mú ní ọdún 1903, kú sí ìgbèkùn níbẹ̀ ní ọdún 1926. A kó Kwasau ti Sáríà wá síbẹ̀. Abubakar, ọba Bídà, ẹni tí ogun rẹ̀ pàgọ́ sí ìhà Kàbà, ni a rọ̀ lóyè ní ọdún 1901, òun náà sì di ẹni ìgbèkùn ní Lọ́kọ́ja, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí Kàbà. Markun, ẹni tí ó kó ogun náà kúrò láìjà, ni òyìnbó wá fi jọba ní Bídà dípò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni wọ́n rẹ àsíá Royal Niger Company sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, tí wọ́n ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè, tí Lugard sì di aláṣẹ lórí ilẹ̀ Àríwá. Lọ́kọ́ja kò pẹ́ nípò olú-ìlú. A gbé ìjọba lọ sí Jẹ́bà, lẹ́yìn náà sí Súngẹ́rù, àti ní ìgbẹ̀yìn sí Kàdúná. Ilé ìjọba ti Ìpínlẹ̀ Kogí ṣì ń jẹ́ orúkọ Lugard. Ẹni tí ó bá ní àyè tún lè wo itẹ́ òkú àwọn òyìnbó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ibà pa sùn sí, àti òkúta ìrántí àwọn ọmọ-ogun, dúdú àti funfun, tí ó kú nínú Ogun Àgbáyé méjèèjì.

Ìtọ́jú àwọn nǹkan wọ̀nyí kò tó. Koríko a máa bo ìbojì, òjò ń nà wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n, ojú òkúta mìíràn sì ti ń parẹ́. Odò pàápàá kò jẹ́ kí ìlú náà sinmi. Ní ọdún 2012 àti ní ọdún 2022 ni omi kún kọjá ààlà, tí ó wọ ilé, tí ó gbé oko lọ, tí ó sì gé ọ̀nà Àbújá, tí àwọn arìnrìn-àjò fi sùn sójú ọ̀nà. Àwọn ará Lọ́kọ́ja tí ó ń gbé etí odò lè nàka sí ibi tí omi dé lára ògiri ilé wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àlejò bá ti sọ̀kalẹ̀ láti orí Patti, ó lè bá ọlọ́kọ̀ ṣe àdéhùn kí ó wà á lọ sí ojú ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Kí ó ná owó náà kí ó tó wọ ọkọ̀. Àwọn apẹja a ti máa ká àwọ̀n wọn nígbà náà, àwọn obìnrin a sì ti gbé ẹja yíyan sí etí bèbè, tí wọn yóò máa pe oníbàárà ní Nupé, ní Haúsá, ní Ìgalà àti ní Yorùbá. Ọkọ̀ tí ó ń padà sí Kàbà kì í pẹ́ kí ó tó kún.