Ọjọ́ àti Aago inú Kọ̀ǹpútà Ilé Wa

Ẹ̀yin ìyálọ́jà Ìdúmàgbò! Àwọn kan nínú wa ti ń fi kọ̀ǹpútà ilé kọ ìwé àwìn báyìí, àwọn ọmọ ló ń bá wa tẹ̀ ẹ́. Ó dára. Àmọ́ tí oníbàárà bá gba léèsì àwìn lónìí, tí risíìtì rẹ̀ wá ń ka 2010, kí lẹ fẹ́ fi gba owó yín lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun tó sábà máa ń fà á ni bátìrì kékeré kan tó wà nínú ẹ̀rọ náà, CR2032 ni wọ́n ń pè é, ó rí roboto bíi kọ́bọ̀ àtijọ́. Òun ló ń jẹ́ kí aago máa rìn nígbà tí ò síná. Tó bá kú, bí iná bá ti lọ tó tún dé, ọjọ́ á ti sá padà sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn a tiẹ̀ padà sí 1980. Ẹ ní kí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pààrọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ńlá kọ́.

Bí ọjọ́ bá pé tí wákàtí ò pé, aago ìlú ibòmíràn ló wà nínú rẹ̀. Tòkunbọ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa nígbà òtútù wọn, ṣùgbọ́n láti òpin March títí di òpin October, á bá tiwa dọ́gba. Ìyẹn ló ń tan ni. Ẹ má kàn yí aago nìkan o! Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, ó lè dá a padà. Tó bá jẹ́ Windows, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ aago tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, kẹ́ ẹ mú ibi tí wọ́n kọ “Adjust date” sí. Níbi “Time zone”, ẹ mú “UTC+01:00 West Central Africa”. Tiwa nìyẹn.

Èyí tó lè dá ìjà sílẹ̀ jù ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. 4/7 tiwọn, 7 April ni. Tiwa, 4 July. Oṣù mẹ́ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín wọn, onígbèsè á sì mú èyí tó bá a lára mu! Ẹ wá “Region” lọ, kẹ́ ẹ mú “English (Nigeria)”.

Àtúnṣe yìí ò ní tún èyí tẹ́ ẹ ti kọ lódì tẹ́lẹ̀ ṣe. Ẹ gbé ìwé risíìtì yín jáde, kẹ́ ẹ tún ọjọ́ wọn kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olówó àwìn tó dé.