Eré Ti Di Ìjà

Ìbéèrè: Èmi ni alábòójútó ẹgbẹ́ WhatsApp àwa tá a jọ jáde ilé ìwé. A máa ń bú ara wa ṣeré, àmọ́ àwọn mẹ́ta ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn wọn. Láti 2022, ẹni tó bá kúrò, alábòójútó nìkan ni WhatsApp ń sọ fún, ìdí nìyẹn táwọn yòókù ò fi fura. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kàn béèrè àlàáfíà wọn ná. Ní ti bíbú ara yín ṣeré, "Olórí bí agbọ̀n" lè pa ọ̀rẹ́ lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ọmọ, tí wọ́n pè ní àgàn, ọ̀rọ̀ yẹn á pa á lẹ́kún. Irú èyí, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ bá ẹni tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan nínú àwọn tí ẹ pè bá ní ayé sú òun, ẹ tètè mú un lọ rí dókítà.