Oògùn àárẹ̀ tó ń lé oorun lọ

Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 46 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Akẹ́sàn. Láti ìgbà tí iná ti jó ọjà wa ní oṣù kìíní 2020 ni mo ti ń fi gbèsè ṣòwò, ó sì máa ń rẹ̀ mí gan-an. Obì ni mo fi ń gbé ara mi ró lọ́sàn-án. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta supplement ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí n di irin kan mú, ó so irin náà mọ́ kọ̀ǹpútà, ìwé sì jáde pé adrenal mi ti rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ló kó fún mi, mò ń lò wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago kan òru, ojú mi á là gbàgà, àyà mi á máa lù kì-kì-kì títí wọ́n á fi pe ìrun àsùbáà. Obìnrin náà ní kí n fi kún un, pé oògùn ló ń bá àìsàn jà. Ṣé kí n fi kún un?
Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má fi kún un o, ẹ jọ̀wọ́.

Adrenal jẹ́ ẹran kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín wa, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ibẹ̀ ni cortisol ti ń wá, họ́mónù tó ń múra ara sílẹ̀ fún iṣẹ́ òòjọ́, tí kì í jẹ́ kí ìfúnpá wálẹ̀ jù, tó sì ń dúró tini lọ́jọ́ ìṣòro. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń wá a. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Irin téèyàn dì mú lọ́wọ́ kò lè mọ iye tó wà níbẹ̀, bó ti wù kí ìwé tó jáde gùn tó.

Àìsàn tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà ńkọ́? Ará Amẹ́ríkà kan, James Wilson, ló fún un lórúkọ ní 1998, pé ìrònú àti làálàá máa ń mú kí adrenal rẹ̀. Àwọn dókítà họ́mónù kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2016, oníwádìí méjì láti ilẹ̀ Brazil kó ìwádìí 58 jọ, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọn ò sì rí ẹ̀rí pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà.

Mi ò ní irọ́ lẹ ń pa. Àárẹ̀ yín jẹ́ òótọ́, ìdí nìyẹn tí inú mi kò fi dùn sí orúkọ tí wọ́n fún un, torí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá ohun tó ń fà á gan-an. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ. Ní ọjọ́ orí yín, nǹkan oṣù tó ń ya púpọ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kéré lára. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ó lè jẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn, ó lè jẹ́ pé nǹkan oṣù ti fẹ́ dáwọ́ dúró, ìyẹn fúnra rẹ̀ sì máa ń jí obìnrin lóru. Gbèsè ọdún púpọ̀ náà kì í ṣe ẹrù kékeré lọ́kàn ẹni.

Ó wá ku ti oorun. Cortisol máa ń lọ sílẹ̀ jù lọ ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́, á sì máa gòkè bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá gbé ohun tó jọ ọ́ mì lálẹ́, ṣe ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́. Ní 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn Mayo Clinic Proceedings gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí irú oògùn adrenal báyìí, oríṣi 12 tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. Gbogbo wọn ni họ́mónù thyroid wà nínú rẹ̀, steroid, ìyẹn irú họ́mónù tí cortisol jẹ́, sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Bí họ́mónù thyroid bá pọ̀ lára, àyà á máa lù, oorun á sì sá. Ẹ tún wo ara ike yín bóyá ẹ máa rí ginseng, nítorí òun náà máa ń dí oorun àwọn mìíràn lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà NAFDAC nìkan fọkàn yín balẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò.

Síbẹ̀, ẹ má dá gbogbo rẹ̀ dúró lójijì láìrí dókítà. Ẹ mọ bí àwọn kan ṣe ń lo dexamethasone, tó jẹ́ steroid, láti fi sanra. Tí steroid bá ń wọ ara láti ìta fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, adrenal á káwọ́ gbera, á ní wọ́n ti ń bá òun ṣe é. Bí wọ́n bá wá já a gbà lójijì, èèyàn lè dákú. Ó dùn mí pé oògùn tí wọ́n tà fún ẹni tí adrenal rẹ̀ le koko lè sọ ọ́ di aláìsàn adrenal ní tòótọ́.

Àìsàn adrenal tòótọ́ wà. Thomas Addison, dókítà ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1855, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì wà lára ohun tó ń fà á. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kò tíì kúrò láàárín wa. Ẹni tó bá ní in á máa rù, iyọ̀ á máa wù ú jẹ, òòyì á máa kọ́ ọ tó bá dìde. Èrìgì ọ̀pọ̀ nínú wa dúdú láti ilé ọmọ, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n tí èrìgì, ìlà àtẹ́lẹwọ́ tàbí ojú àpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúdú sí i, ẹ sọ fún dókítà.

Nínú ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ kó ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀yọ́. Tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ rí dókítà họ́mónù, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH àti ti Bowen, tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ láti 1907, wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ti mọ̀nà rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo iye ẹ̀jẹ̀ ara yín, ṣúgà, thyroid, ìfúnpá àti cortisol àárọ̀. Tí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún wọn. Bí èébì bá ń gbé yín tàbí tí ojú yín ń ṣú kí ẹ tó lọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé yín lọ.

Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí obì mọ sí àárọ̀. Tí ẹ bá jẹ ẹ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí ìdajì kaféènì inú rẹ̀ ṣì lè wà lára yín ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Tí obìnrin náà bá sì pè yín pé kí ẹ wá gba ike kẹrin, ẹ ní kó kọ gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ sínú ìwé, kí ẹ mú un lọ fún dókítà.