Kí O Tó Tọwọ́ Bọ̀wé

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí àìsàn bá ti pẹ́ lára ènìyàn, kò sí ìròyìn oògùn tuntun tí kì í ta sí i létí. N kò bá ẹnikẹ́ni wí sí i. Ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú ń bá ìyá rẹ̀ jà, ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, ẹni tí wárápá ń gbé ọmọ rẹ̀ ṣánlẹ̀, gbogbo wọn ló ń wá ibi tí wọ́n ti ń dán oògùn wò, torí èyí tó wà lórí àtẹ kò tó wọn. Ṣùgbọ́n fòníkú-fọ̀ladìde, tí ẹ̀yin ń pè ní SS, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀dọ́ tó ní in ló sì ń wá sọ́dọ̀ mi jù. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àìsàn yìí tó Nàìjíríà, nǹkan bí 150,000 lọ́dọọdún.

Ẹ kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó ń dán oògùn wò kò tíì mọ̀ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ká ní ó mọ̀ ni, kò ní pè yín. Ara yín ni yóò fi mọ̀.

Ẹ wo hydroxyurea. Oògùn jẹjẹrẹ ni tẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àgbàlagbà 299 tó ní SS gbà pé kí wọ́n dán an wò lára àwọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì, aláìsàn kò mọ ibi tí òun wà, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ náà kò mọ̀. Àwọn kan ń gbé kápúsù tó ní oògùn nínú mì, àwọn yòókù ń gbé èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, ọ̀rọ̀ ti hàn sójú táyé: ìrora ńlá tó ń gbé wọn wọ ọsibítù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì lára àwọn tó ń lo oògùn. Ni wọ́n bá dá ìdánwò náà dúró. Èsì jáde ní 1995, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà ní 1998. Àwọn tó gbé kápúsù òfìfo mì ni èmi máa ń rò. Ìrora tiwọn kò dín, wọ́n sì forí tì í. Láìsí wọn, kò sí ohun tí à bá fi díwọ̀n ti àwọn yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ìdánwò, kó mọ̀ pé apá ibẹ̀ lè bọ́ sí òun náà lọ́wọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú rèé. Ọ̀dọ́ kan yóò jókòó tì mí, yóò máa ròyìn Victoria Gray fún mi, obìnrin Mississippi tí wọ́n tún jíìnì sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ní 2019. Ìròyìn òtítọ́ ni. Nínú àwọn 31 tí wọ́n lè díwọ̀n èsì wọn nínú ìdánwò ìtọ́jú náà, 29 ló lo odidi ọdún kan láìsí ìrora ńlá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ìparí 2023. Ṣùgbọ́n oògùn líle ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń palẹ̀ mùdùnmúdùn eegun mọ́ kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sí ara, oògùn tó lè mú kí ènìyàn má bímọ mọ́, iye ìtọ́jú náà ní Amẹ́ríkà sì ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Tí mo bá wá bi ọmọ náà pé, “Hydroxyurea ńkọ́, ṣé ò ń lò ó?”, yóò ní rárá, pé ẹnì kan sọ fún òun pé oògùn jẹjẹrẹ ni.

Àwọn ọmọ Kánò àti Kàdúná ti gbà á jẹ fún yín. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ìwọ̀n kékeré hydroxyurea wé ìwọ̀n tó pọ̀ jù ú lọ, lára àwọn ọmọ SS tí àyẹ̀wò ọpọlọ fi hàn pé rọpárọsẹ̀ lè kọ lù. Èsì tó jáde ní 2022 fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀ gbòógì láàárín méjèèjì nínú bí wọ́n ṣe ń dènà rọpárọsẹ̀. Ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún bàbá tó ń ra oògùn lóṣooṣù? Kápúsù díẹ̀, owó díẹ̀. Ẹ lọ bá dókítà, kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò déédéé bí ẹ ti ń lò ó, torí kì í ṣe oògùn tí ènìyàn ń dá rà jẹ. Ẹni tó ń múra àti lóyún, tàbí tó fẹ́ fún ìyàwó lóyún, kó tètè sọ.

Àwọn kan á ní àgbo kò nílò ìdánwò. Irọ́ ni. Osùn, ìyèré, kànáfùrù àti okà bàbà wà nínú àgbo kan tí Rẹ́fúrẹ́ndì Ògúnyalé gbé fún ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀, NIPRD, ní Àbújá. Wọ́n sọ ọ́ ní NIPRISAN, wọ́n fi í wé kápúsù òfìfo lára aláìsàn 82 fún ọdún kan, NAFDAC sì fọwọ́ sí i ní 2006. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gba iṣẹ́ ṣíṣe rẹ̀ ló wá wọ gbèsè, oògùn sì dàwátì. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí dòní. Síbẹ̀, baba yẹn kò fi tirẹ̀ pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò.

Mo mọ ohun tó ń ba àwọn òbí yín lẹ́rù. Ní 1996, nígbà tí àrùn yínrùnyínrùn ń pa àwọn ọmọ ní Kánò, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn kan wò níbẹ̀. Ọmọ 200 ni wọ́n kó sínú rẹ̀, ìdajì gba oògùn tuntun, ìdajì gba èyí tí a ti mọ̀. Ọmọ 11 kú, ní apá méjèèjì. Ọ̀pọ̀ òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn kò jẹ̀bi. Ní 2009 wọ́n fi mílíọ̀nù 75 dọ́là parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba Kánò. Ẹni tó bá fi èyí kọ ìdánwò, n kò ní pè é ní òpè. Àmọ́ lónìí, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i, NAFDAC náà gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí dídán oògùn náà wò kí wọ́n tó fi kan ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé méjèèjì hàn yín.

Ìfọwọ́sí pé kí wọ́n máa ta oògùn pàápàá kò parí ọ̀rọ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn SS tó ń jẹ́ voxelotor ní 2019. Wọn kò dáwọ́ ìdánwò dúró, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ikú pọ̀ lára àwọn tó ń lò ó ju ti kápúsù òfìfo lọ, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kó o kúrò lọ́jà káàkiri ayé ní oṣù kẹsàn-án 2024.

Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ti ìdánwò yàtọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó oògùn tí wọ́n ń dán wò lára yín, ẹ dìde. Owó ọkọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n fún yín. Kí wọ́n ka ìwé ìyọ̀ǹda náà fún yín ní Yorùbá tó yé ìyá yín, kí ẹ gbé e lọ sílé sùn. Ẹ bi wọ́n pé: bí mo bá ní mi ò ṣe mọ́, ṣé ìtọ́jú mi níbí kò ní yẹ̀? Bí oògùn bá ṣe mí léṣe, ta ni yóò tọ́jú mi? Bí ó bá sì ṣiṣẹ́, ṣé ẹ óò máa fún mi lọ lẹ́yìn tí ẹ bá parí? Ìbéèrè ìkẹta yìí ni wọ́n máa ń fi ẹnu yí, nítorí náà ẹ bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ìdánwò bá parí, ẹ padà lọ béèrè èsì, àti irú kápúsù tí ẹ̀yin gbé mì. Bí wọ́n bá ní kò tíì jáde, ẹ béèrè oṣù tí yóò jáde àti orúkọ ẹni tí ẹ óò pè, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ọsibítù yín.