Ọjọ́ Ìbí: Kí Ni À Ń Ṣọpẹ́ Rẹ̀?



Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa wá bá mi pé ìyá àwọn fẹ́ pé ọdún 80, àwọn sì ń fẹ́ Mísà ìdúpẹ́. Wọ́n ti ra aṣọ ẹbí, wọ́n ti tẹ ìwé ìpè, wọ́n sì fẹ́ lọ yá owó gbọ̀ngàn. Nígbà tí mo ṣí ìwé ìrìbọmi àtijọ́, mo rí i pé ọdún 77 ni ìyá náà fẹ́ pé. Jìnnìjìnnì bo àwọn ọmọ. Àkọ́bí bẹ̀ mí pé, "Fadá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pa ìwé náà dé." Ìyá gbà mí láyè láti sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n kí n tó sọ èsì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa kì í ṣe àjọ̀dún ọjọ́ ìbí lọ́dọọdún. Ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ni ayẹyẹ ọmọ, pẹ̀lú omi, oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare. Orúkọ fúnra rẹ̀ a máa sọ ìgbà tí a bíni: Abíọ́dún bá ọdún wá, Abíọ́nà ni a bí lójú ọ̀nà. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni a fi ń ka ọjọ́ orí: "Ọdún àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ni a bí i," tàbí, "Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà."

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Olùkọ́ a ní kí ọmọ na ọwọ́ kọjá orí. Bí ó bá kan etí òdìkejì, ó tó ilé ìwé lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwé àti iṣẹ́ ìjọba ń béèrè ọjọ́ pàtó, tí ẹbí sì ń lọ búra sí ọjọ́ orí ní kóòtù. Àkàrà òyìnbó àti àbẹ́là tẹ̀ lé e, àti ìkòkò ìrẹsì kan fún àwọn ọmọ àdúgbò. Lónìí, gbọ̀ngàn ni, àwòrán rẹ̀ a sì ti kárí ayé lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìjọ Mímọ́ pàápàá kò tètè gba àṣà yìí. Origen, olùkọ́ ńlá ará Alẹkisáńdíríà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta, ṣàkíyèsí pé Fáráò àti Hẹ́rọ́dù ni Ìwé Mímọ́ sọ pé wọ́n ṣe àsè ọjọ́ ìbí, ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀ níbi àsè méjèèjì. Ọjọ́ ikú àwọn Ẹni Mímọ́ ni àwọn Kristẹni ìgbà náà ń pè ní ọjọ́ ìbí wọn, nítorí ọjọ́ náà ni a bí wọn sí ọ̀run. Títí di òní, ìbí mẹ́ta péré ni gbogbo Ìjọ ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀: ti Olúwa wa ní 25 Disẹ́ńbà, ti Màríà Wúndíá ní 8 Sẹ̀tẹ́ńbà, àti ti Jòhánù Onítẹ̀bọmi ní 24 Júùnù.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a ṣe ọjọ́ ìbí bí? Rárá o. Ìdúpẹ́ fún ẹ̀mí dára púpọ̀. Ohun tí à ń dúpẹ́ lé lórí ni kí a yẹ̀ wò.

Ìyá wa rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni ó búra fi ọdún mẹ́ta kún ọjọ́ orí òun kí òun lè rí iṣẹ́. Ó wá yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní: "Ọdún mẹ́ta tí n kò tíì rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúpẹ́ rẹ̀? Èyí tí Ọlọ́run ti fún mi kò ha tó?" Wọn kò gba gbọ̀ngàn mọ́, wọn kò sì yá owó. A ṣe Mísà ìdúpẹ́ ọdún 77. Wọ́n wọ aṣọ wọn, a sì jẹ ìrẹsì ní àgbàlá ìyá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ yín sílẹ̀ bí ó ti rí gan-an. Ẹ má ṣe jẹ gbèsè nítorí àríyá. Kí olúkúlùkù wa sì mọ ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀, nítorí ọjọ́ náà ni a tún wa bí. Ẹni tí kò bá mọ tirẹ̀, kí ó wá sí ọ́fíìsì ìjọ. A ó jọ ṣí ìwé náà.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí. Àmín.